"E Ma Wa": Kí A Tó Gbà Pé Wọ́n Bú Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, torí pé ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí torí pé ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù, ẹ sì máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ kan. Kò gùn. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp. Mi ò fi àmì ohùn kankan sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Ohun tí mo kọ rèé:

"Anti e ma wa ni Satide o, a ti seto gbogbo nkan."

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kà á sókè tí kò bá sí ẹni tó ń sùn. Kí lẹ gbọ́?

Àbúrò màmá mi ni mo kọ ọ́ sí. Birmingham ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ọmọ fi ń pè é ní Àǹtí Birmingham. Màmá mi fẹ́ ṣe ayẹyẹ 70 ọdún. A ti gba gbọ̀ngàn, a ti bá àwọn olóúnjẹ sọ̀rọ̀, a ti rí onílù. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ti dá ìjà kékeré sílẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ayẹyẹ Yorùbá tí aṣọ ẹbí ò ní dá wàhálà sílẹ̀. Àǹtí fẹ́ léèsì kan, mo ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù fún àwa tá à ń san owó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mú òmíràn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa. Mo ní ó dáa. Èmi rò pé ó ti tán.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dá mi lóhùn: "OK." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́ Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún. Ní aago mẹ́rin, màmá mi ń wo ẹnu ọ̀nà. Ní aago mẹ́fà, ó ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí onílù ní kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jáde wá bá a jó, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin nìkan ló jáde, ẹni tá à ń pè ní Dádì Luton. Mo pe Àǹtí lẹ́ẹ̀mejì nínú ariwo yẹn. Kò gbé e. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, màmá mi ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é mọ́. Ó ní, "Torí léèsì? Torí léèsì lásán?" Ó sì wọlé lọ.

Oṣù 14 ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá kan náà. Àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí ọ̀kan bá se ọbẹ̀ ní Birmingham, èkejì á gbọ́ òórùn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo máa padà sórí bó ṣe parí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀nà.

Nínú Yorùbá, "máa" ni èèyàn ń sọ nígbà tó bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀. "Ẹ máa wá." "Má" ni èèyàn ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. "Ẹ má wá." Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, àti bí a ṣe fa ọ̀kan gùn. Lẹ́nu, ọmọ ọdún mẹ́ta ò lè ṣì wọ́n gbọ́. Lórí fóònù, níbi tí àwa ti ń kọ "ma" fún méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà lè pe èèyàn, ó sì lè lé e. Ẹ sì wo ìyókù ohun tí mo kọ: "a ti seto gbogbo nkan." Bí mo bá ń pè yín, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ ṣáà máa bọ̀. Bí mo bá ń lé yín, ó túmọ̀ sí pé a ò nílò yín. Ó bá méjèèjì mu rẹ́gí. Bí mo bá jókòó láti wá bí mo ṣe máa dá ìjà sílẹ̀, mi ò bá má ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn onílù wa ń ṣe òdìkejì ohun tá à ń ṣe. Ìlù gángan ń sọ ohùn láìsí lẹ́tà, àwa ń kọ lẹ́tà láìsí ohùn. Nítorí pé onílù mọ̀ pé ohùn nìkan lè rú èèyàn lójú, á fa gbólóhùn rẹ̀ gùn, á fi oríkì tì í, á tún un lù, kí o tó lè sọ pé o ò gbọ́. Àwa ńkọ́? A tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú àtàǹpàkò kan, a sì wọ bọ́ọ̀sì.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí èèyàn má sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní báyìí tí mo bá gbọ́ ọ, nǹkan míì ni mo ń gbọ́: pé ìdajì ọ̀rọ̀ kì í sí lẹ́nu rárá, ojú ló wà. Bí Àǹtí bá wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, á rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o. Ní ọdún 1982, ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé síra wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan béèrè àlọ́ sáyẹ́ǹsì kan: bí okùn ẹ̀rọ agbéniròkè bá já tí ẹ̀rọ náà ń já bọ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kán mákúrì tó wà nínú rẹ̀? Ẹlòmíì wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó kọ ọ́ bí ìkìlọ̀, pé mákúrì ti ba ọ̀kan nínú ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn jẹ́. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé o! Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọ́n lè fi máa sàmì sí àwàdà kí èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, Scott Fahlman, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, ní kí wọ́n máa fi àmì méjì-mẹ́ta ṣe ojú tó ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi sí ìdí ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ eré. Irú ojú kéékèèké bẹ́ẹ̀ la ṣì ń fi ránṣẹ́ síra wa lónìí. Torí pé ojú ò sí níbi tí ọ̀rọ̀ wà, wọ́n lọ ya ojú.

Ní ọdún 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí ẹnìkejì, òmíràn jẹ́ òtítọ́, òmíràn jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó fi ránṣẹ́ dá ara wọn lójú pé nínú 100, bíi 78 ló máa yé ẹni tó gbà á. Nígbà tó jẹ́ ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, nǹkan bí 73 ló yé e. Nígbà tó jẹ́ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, 56 ni. Ẹ rántí pé ẹni tó bá kàn ń fọ́jú mú, á mú 50. Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni 78 yẹn, ju 56 lọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí bó ṣe ń kọ ọ́. Kò lè mọ̀ pé ohùn yẹn ò bá lẹ́tà lọ.

Bó ṣe rí ní ilé wa nìyẹn. Màmá mi wà nínú gúrúùpù yẹn, òun náà ka ohun tí mo kọ. Ó mọ̀ pé mo ń pe àbúrò òun, nítorí náà "ẹ máa wá" ló kà. Ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé, "Mo fi ojú ara mi rí i tí ọmọ mi pè é." Irọ́ kọ́. Àǹtí náà ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Birmingham pé, "Wọ́n kọ ọ́ síta gbangba pé kí n má wá." Irọ́ kọ́. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí, ẹ̀rí kan náà.

Mo wá fẹ́ bá àwa tí wọ́n bí síbí sọ̀rọ̀, torí pé tiwa tún le díẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ọdún 19 ni nígbà yẹn. Ó pinnu pé òun máa kọ Yorùbá nínú gúrúùpù ẹbí, kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Àbúrò bàbá wa kan fi owó ìwé ránṣẹ́ sí i. Inú ọmọ dùn, ó kọ ọ́ pé, "O se uncle." Háà! Ìdáhùn tó gbà gùn ju apá mi lọ. "Èmi lò ń sọ 'o' fún? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn?" Àwọn mìíràn nínú gúrúùpù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán ẹ̀rín. Ọmọ náà kọ "Sorry sir" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan síbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ro ibi tí "o" yẹn ti wá. Inú ilé tó jẹ́ pé òun ni àbíkẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí. Gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá sí i ló jù ú lọ. Kí ni wọ́n ń sọ fún un láti ìgbà tí wọ́n ti bí i? "O ṣé, ọmọ mi." "Ṣé o ti jẹun?" "O káre." Ẹ̀ẹ̀mélòó ló gbọ́ "ẹ ṣé" láàárín ilé? Ìyá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, aládùúgbò jẹ́ òyìnbó. Ní ilé tiwọn nílé, ọmọ ọdún mẹ́ta á ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kúnlẹ̀ tó ń sọ "ẹ" fún bàbá olókùnrùn tó ń gbé yàrá kejì, á gbọ́ ọ lọ́jà, á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wá ra epo. Ọmọ yìí ò rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Ohun tí wọ́n fún un ló dá padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti fi dúpẹ́ ni ọ̀nà tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò sì fẹ́ ká sọ àbúrò bàbá wa di ọ̀dájú. Ọkùnrin yìí ti ń gbé ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọdé níbi iṣẹ́ ń pe orúkọ rẹ̀ láìsí "ọ̀gá", láìsí nǹkan kan. Inú ẹbí nìkan ni ibi tí ó ti kù tí wọ́n ti ń sọ "ẹ" fún un. Nígbà tó rí "o" níbẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti jí èyí tó kù gbé. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ká ní ó pe ọmọ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ò ní in lọ́kàn. 'Ẹ ṣé, sà' là ń sọ," ọmọ yẹn ì bá ti mọ̀ ọ́n títí ayé, ì bá sì máa kọ ọ́ dòní. Ọ̀rọ̀ tá à ń sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán. Ìgbàkigbà tá a bá ka àṣìṣe ọmọ sí àfojúdi, Gẹ̀ẹ́sì ló ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Kò tiẹ̀ ní jà. Á kàn dákẹ́.

Ó kù, ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín náà ń bọ̀.

Bàbá kan kọ ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, o ní ó ń pariwo mọ́ ọ. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó tẹ bọ́tìnnì kan lọ́dún tó kọjá tí kò mọ bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ padà. O fi fọ́tò rẹ síta, ìyá kan láti Adó-Èkìtì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "O ti sanra o!" O sunkún. Wọ́n bú ọ lójú gbogbo èèyàn. Ìyá yẹn ní tiẹ̀ rò pé òun ṣàdúrà. Fún ẹni tó mọ ohun tí ebi àti àìsàn ń ṣe, ara tó kún jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ òun ò jìyà ní ìlú òyìnbó. Mi ò ní kí ó dùn mọ́ ọ o. O lè sọ fún un pé, "Mà, níbí, a kì í sọ bẹ́ẹ̀." Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má ṣe lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹbí rẹ kórìíra rẹ.

Àwọn baba wa náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó jìnnà, láìsí ojú, láìsí ohùn. Wọ́n ń pa àrokò. Bí mo bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ó túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí o bá fi mẹ́jọ dá mi lóhùn, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so tí wọ́n kojú síra, ọ̀rẹ́ ni. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, owó lásán ló rí. Gúrúùpù ẹbí wa kún fún àrokò tí ìdajì wa ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwòrán àtàǹpàkò tí mo fi ránṣẹ́, "mo ti gbọ́" ni lọ́wọ́ mi. Lójú ẹlòmíì, "jáde níwájú mi" ni.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ń rò nísinsìnyí. Ìfura loògùn àgbà. Àbí? Wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré. Báwo ni ẹ ṣe wá ní ká máa ro rere sí gbogbo èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí olè pọ̀ ju ọmọlúàbí lọ?

Òótọ́ ni, ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tó fura máa ń ṣe. Ẹni tó fura kò tíì mọ̀. Ó rí nǹkan, kò dá a lójú, ó lọ wò ó, ó béèrè. Àǹtí mi kò fura. Ì bá ṣe pé ó fura ni, ì bá pè mí. Ó dá a lójú. Èmi náà ò fura sí "OK" tí ó kọ. Ó dá mi lójú pé ó ń bọ̀. Ìdánilójú ló pa wá lára, kì í ṣe ìfura.

Ti owó sì yàtọ̀ pátápátá, ẹ gbọ́ mi yé. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá kọ ọ́ lójijì pé kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín ránṣẹ́ sí òun, ẹ má fi ránṣẹ́ o. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń gba WhatsApp lọ́wọ́ èèyàn. Bí ó bá ní òun wà nínú wàhálà kẹ́ ẹ fi owó sí àkáǹtì kan, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí kò ta ko ríro rere síra ẹni rárá. Ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ ń ro rere sí nígbà tẹ́ ẹ pè é. Ẹ gbà pé kò ní fi ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ tọrọ owó. Ohun tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ibi tí owó tàbí ọmọdé bá wà, ẹ má wulẹ̀ gbà láìbéèrè.

Àwọn tó ń kọ Wikipedia ti kọ́ èyí dáadáa. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 ni iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé ibẹ̀, ó kéré tán ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé kó tún un ṣe. Ẹ fojú inú wo ìjà tó lè wà níbẹ̀, àwọn àjèjì tí wọn ò tíì rí ara wọn rí tí wọ́n jọ ń kọ ìtàn ogun, ìtàn òṣèlú, ìtàn ẹ̀sìn. Yorùbá náà ní tiẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń gbé pọ̀ ni pé, bí ẹnì kan bá ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, kọ́kọ́ gbà pé ṣe ló fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tún ní kí ẹ má máa ge àlejò jẹ, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò mọ òfin ilé. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà sọ pé bí ẹ̀rí bá ti fara hàn pé ẹni yẹn ń ṣe ibi ni, kò sẹ́ni tó ní kó o máa díbọ́n. Nǹkan kan sì tún wà tó mú kó rọrùn fún wọn: gbogbo bí ojú ewé ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà nípamọ́. Ohun tí ẹnì kan bà jẹ́ láàárọ̀, ẹlòmíì lè dá a padà kí omi tó hó. Nítorí náà, kò ná wọn ní ohun púpọ̀ láti dúró kí wọ́n béèrè. Oṣù 14 tiwa, ta ló lè dá a padà?

Bí ẹnì kan bá sì wà nínú gúrúùpù yín tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bú ìyàwó ẹnì kan, tẹ́ ẹ ti bi í, tó ti ṣàlàyé, tó tún bú u, ẹ ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Mi ò ní gbé fídíò kankan jáde láti gbèjà rẹ̀.

Ó yá, bó ṣe parí.

Dádì Luton ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò ní lọ, nítorí náà màmá mi lọ, Àǹtí lọ, wọ́n jókòó sí igun méjì yàrá kan náà. Nígbà tí èrò ti dín, Dádì Luton ní kí àwọn méjèèjì wá bá òun ní kíṣìnnì, ó ní kí èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, òun sì ti ń ṣe òṣìkà láti ọdún tó kọjá, tẹnu màmá mi nìkan lòun gbọ́. Ó kọjú sí Àǹtí. Ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Àǹtí ní, "Wọ́n ní kí n má wá."

Màmá mi fò dìde. "Ta ló ní kó o má wá?"

Àǹtí ò dá a lóhùn. Ó yọ fóònù. Ó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ láti ọjọ́ náà, kò ní láti wá a. Ó gbé e fún Dádì Luton, àmọ́ bàbá ò mú awò ojú dání. Ó ní, "Kà á fún mi." Àǹtí wá kà á sókè, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gbà á: "Àǹtí, ẹ má wá ní Sátidé o, a ti ṣètò gbogbo nǹkan."

Mo ní, "Mà, 'ẹ máa wá' ni mo kọ."

Dádì Luton ní kí èmi náà kà á. Mo kà á. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màmá mi jókòó padà. Mo rò pé ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, torí pé ó jọ nǹkan ẹ̀rín, àbí? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Àǹtí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rán aṣọ yẹn. Èyí tí kò wọ́n yẹn náà ni mo rà. Ó ṣì wà nínú báàgì."

Mo ti tọrọ àforíjì. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọbẹ̀ Birmingham ti ń ta sánsán dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n àwòrán ńlá tá a yà ní 70 ọdún màmá mi wà lára ògiri pálọ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yẹ kó jẹ́ méjì nínú rẹ̀. Ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Màmá mi ò jẹ́ ká gbé e kúrò.

Ohun tí èmi ń ṣe báyìí ò pọ̀. Mo fi bọ́tìnnì ìkọ̀wé Yorùbá sórí fóònù mi, mo ń sàmì sí ọ̀rọ̀ tó bá lè dá ìjà sílẹ̀, ìyókù mo ń gbé e jù síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ṣe pàtàkì, mo ń gba ohùn mi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá dùn mí, mo ń bi í ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe nínú gúrúùpù: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n gbọ́ ọ?" Ẹ̀ẹ̀kan rí ni ẹnì kan ti dá mi lóhùn pé òun bú mi ní ti gidi, inú mi sì tutù díẹ̀ pé ó sọ ọ́.

Àǹtí Birmingham ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí. Lánàá, ó kọ̀wé sí mi: "Ma se ewa de mi o." Mo wò ó. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pè é. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé kí n sè é ni àbí kí n má sè é?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní, "Sè é! Kó o sì fi dòdò sí i."

Ẹ̀wà ti wà nínú omi. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e kaná. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi.